Àpèjẹ fún Ẹni Tó Dúró

Títí ìyá bàbá mi fi kú, kò mọ bí a ṣe ń pe "ọkọ̀" kó má dà bí "ọkọ". Ó gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́, ó tilẹ̀ ń fi bú èèyàn nígbà tó bá yẹ, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ kan yìí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Tó bá dúró létí Creek Road tó ń wá ohun tí yóò gbé e dé Ajégúnlẹ̀, tí ẹnìkan bá bi í pé, "Mama, kí lẹ ń dúró dè?" á ní, "Ọkọ mi ni." Àwọn tó ń tún táyà tírélà ṣe níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Òyìnbó, ọkọ yín dà? Àbí inú kọ́ńténà ló wà?"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ rẹ̀ gan-an ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá àgbà mi, Mùsùlùmí ni, ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun tó máa ń wà lójú omi ju inú ilé rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí níṣojú mi, mo rò pé inú yóò bí i. Ó kàn tún síkáàfù orí rẹ̀ so, ó ní, "Ọkọ ni o, ọkọ̀ ni o, èwo nínú méjèèjì ló dé lásìkò rí ní Àpápá yìí?"

Hẹ́lénà lorúkọ rẹ̀. Ìlú etíkun kan ní Pólàǹdì ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá àgbà mi ti lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun. Ó tẹ̀ lé e wálé bí ìyàwó. Wọ́n ní nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ rí i ní Ìsẹ́yìn, ó wò ó títí, ó fọwọ́ pa irun rẹ̀ tó dà bí irun orí àgbàdo, ó sì ní irú ọmọ báyìí, àfi kí èèyàn máa bẹ̀ ẹ́ kó tó lè dúró. Ló bá sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà fún mi, ibì kan náà ló sì máa ń parí ẹ̀ sí: "Wọ́n sọ mí ní Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Èmi ni mo dúró fúnra mi."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ ojú omi ni bàbá mi náà ń ṣe, ìyá mi sì ti ní ọkọ mìíràn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan là ń gbé ní Àpápá, lókè pátápátá, níbi tí a ti ń rí orí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù nínú ọkọ̀ ní èbúté. Nígbà tí mo parí ilé ìwé tí mo sì ríṣẹ́, n kò kó kúrò. Èmi àti ẹ̀ náà la jọ wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ìyá jẹ́jẹ́ kan ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Màmá Àgbà kì í gbá èèyàn mọ́ra. Bí o bá ń ṣàìsàn, ó máa dúró tì ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n kò ní pè ọ́ ní olólùfẹ́ rẹ̀. Tíì dúdú tí kò ní mílíìkì ló ń mu, ó sì máa ń gé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀. Ó kórìíra kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìjà kò sì le fún un.

Èyí tí gbogbo ilé kò gbàgbé ni ìjà kábéèjì. Wọ́n máa ń gé kábéèjì ní ìlú rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á dé e mọ́ inú ìkòkò títí yóò fi kan. Ó ṣe é síta lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Nígbà tí òórùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Alhaja tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa gòkè wá, ó fi etí ìborùn bo imú.

"Ìyá Òyìnbó, kí ló kú sílé yín?"

"Kò sí ohun tó kú. Kábéèjì ni. Ó ń kan ni."

"Ẹ̀yin náà wá fẹ́ jẹ ohun tó ti bàjẹ́?"

"Alhaja, kí lẹ mu láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀kọ mímu ni."

"Ògì tí ẹ fi ṣe é ńkọ́, ṣé kò kan?"

Alhaja wo ìkòkò, ó wo Màmá Àgbà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó tún kíra wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Alhaja gbé àkàrà gbígbóná wá, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí wọ́n bu kábéèjì òun wá. Lẹ́yìn tó lọ tán, Màmá Àgbà jókòó ti àkàrà náà, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Olúkúlùkù ló ní ohun tó ń kan nínú ìkòkò rẹ̀. Ti ẹlòmíràn nìkan ló máa ń rùn."

Ẹgbẹ́ kan wà ní Àpápá nígbà yẹn, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tí ọkọ wọn wá ṣiṣẹ́ ní èbúté tàbí ní ilé iṣẹ́ ńláńlá ló pọ̀ níbẹ̀: ará Íńdíà, ará Lẹ́bánónì, Gẹ̀ẹ́sì, Filipíìnì. Wọ́n máa ń pàdé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú gbọ̀ngàn kan létí omi, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á pín iṣẹ́ àánú láàárín ara wọn. Wọ́n ń ṣe bàsá kí ọdún Kérésì tó dé, kéèkì níhìn-ín, aṣọ àlòkù lọ́hùn-ún, ìwé ìtàn tí omi ti kàn. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ra tábìlì fún ilé ìwé tàbí oògùn fún ilé ìwòsàn kékeré. Ọkọ àwọn tó kù wá, wọn yóò sì lọ. Ọkọ Màmá Àgbà nìkan ló jẹ́ pé ibí ni ilé rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n ń ṣe àpèjẹ kan tí oníkálukú yóò ti gbé oúnjẹ ìlú rẹ̀ wá. Ọdún kan, mo tẹ̀ lé e lọ. Ó gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀ láàárín tábìlì, nínú ewé. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ alága wọn, Patrísíà, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Hẹ́lénà, èyí dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ ìlú rẹ la ní kí o mú wá."

Màmá Àgbà ní, "Òun ni mo mú wá."

Wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Ara wọn rọ̀ díẹ̀, ẹnìkan tú ewé, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó kúrò nídìí tábìlì, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí àwọn tó ń gbé abọ́ wà. Bí a ṣe ń lọ sílé mo bi í bóyá inú ń bí i. Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwọn, ará Àpápá ni mí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Àpápá, òyìnbó ni mí. Kò burú. Àárín ọ̀nà náà, ọ̀nà ni."

Nígbà tí ilé ìwé bá ti ń parí ọdún, tí òjò sì ti ń rọ̀, ni àwọn ọkọ wọn máa ń gbọ́ pé wọ́n ti gbé àwọn lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ máa ń ṣe ìdágbére. Wọ́n á fún ẹni tó ń lọ ní igbá fínfín, wọ́n á kọrin, wọ́n á sunkún, wọ́n á ya fọ́tò. Màmá Àgbà ló máa ń se oúnjẹ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ará Íńdíà tó ń jẹ́ Sárójà, lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó síwájú fèrèsé láìtan iná. Mo béèrè bóyá àpèjẹ náà dùn.

"Ó dùn," ló wí. "Ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó dúró, abọ́ ló máa ń fọ̀."

Sárójà yìí ló fi iṣẹ́ Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀ fún un. Oníṣègùn ni Sárójà, irú èyí tó ń fi ọwọ́ tún iṣan àti oríkèé ara ṣe. Áfáà kan ní Ajégúnlẹ̀ ti yọ̀ǹda yàrá kan fún ẹgbẹ́ lẹ́yìn ilé-kéú rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ tí kò lè rìn tàbí tí ọrùn rẹ̀ kò dúró wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Sárójà ń fọwọ́ ra wọ́n, ó ń na apá, ó ń ká orúnkún. Màmá Àgbà ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tó yá, Sárójà mú ọwọ́ Màmá Àgbà náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ọmọ kan, ó ní kó máa ṣe é.

Ìyá Sàídì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, ló sọ bí òun àti Màmá Àgbà ṣe pàdé fún mi. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ tírélà ní èbúté Tin Can. Fún ìgbà pípẹ́, kò gbé Sàídì, ọmọ rẹ̀ tí kò lè rìn, jáde lójú ará àdúgbò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó fi aṣọ bo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Màmá Àgbà wò ó. Ó ní, "Ṣí i. Kì í ṣe ẹrù fàyàwọ́."

Ìyá Sàídì ní ẹnu ya òun, òun fẹ́ yí padà. Ó ní òun wá ń sọ ohun tí àwọn ará ilé ọkọ òun wí, pé ẹ̀ṣẹ̀ tí òun dá ló jáde sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó ń fi Yorùbá sọ ọ́, ó ń fi Píjìn sọ ọ́, ẹkún sì ń gbé e. Màmá Àgbà ti tú aṣọ náà, ó ti gbé ọmọ lé orí ẹní, ó ti ń wá ibi tí iṣan ti le. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Na leg. Leg no be sin."

Ìyá Sàídì sọ pé òun jókòó sílẹ̀, òun sì sunkún títí tó fi rẹ òun. Kò sẹ́ni tó ní kí òun dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni tírélà gba Àpápá lọ́wọ́ wa. Ẹni tó gbé ibẹ̀ nígbà yẹn kò nílò àlàyé. Láti Ìjọra títí dé ẹnu ọ̀nà èbúté, tírélà ló tò, àwọn awakọ̀ ń sùn sábẹ́ wọn, wọ́n ń sá aṣọ sára wọn. Ilé iṣẹ́ ń kó lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òyìnbó. Ẹgbẹ́ pinnu pé Ìkòyí ni àwọn yóò ti máa pàdé, pé iṣẹ́ Ajégúnlẹ̀ yóò dúró ná. Patrísíà fúnra rẹ̀ wá sílé láti sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé tíì fún wọn.

"A kò pa wọ́n tì, Hẹ́lénà," ló ń sọ. "A ó máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn: oúnjẹ, aṣọ, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè fi gbé ọmọ."

"Iṣan ọmọ kì í gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́," Màmá Àgbà dáhùn. "Ọwọ́ ló ń gbọ́."

"Ọ̀nà kò ṣeé gbà mọ́. O fẹ́ kí ẹnìkan kú sójú ọ̀nà ni?"

"Àwọn ìyá yẹn ńkọ́? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà?"

Patrísíà gbé ife sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ó ti rẹ òun. Màmá Àgbà sìn ín dé àtẹ̀gùn, wọn kò sì bára wọn jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, òun nìkan ló ń lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, yóò wọ bàtà rọ́bà, yóò sì máa fẹsẹ̀ rìn gba àárín àwọn tírélà kọjá, ó ń gbá wọn lára pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kí awakọ̀ lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Kò sí ìpàdé mọ́, síbẹ̀ yóò wọ bàtà gogoro, yóò kun ètè, yóò sì po kọfí kún ìkòkò ńlá tí ẹgbẹ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ péré, tí mo bá wà nílé. Lọ́jọ́ tí mo ní, "Mama, ó pọ̀ jù fún èèyàn méjì," ó ní, "Mo mọ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń po kékeré."

Òjò kan ló mú un ṣubú. Ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀ epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà kan, ọwọ́ rẹ̀ kán. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Ràlíátù, ti ń gbé Pólàǹdì láti ọjọ́ pípẹ́, ó ṣe bí ẹni pé ó lọ bá ìyá rẹ̀ gba àyè tó fi sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó fò wá. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó ní yàrá ti wà, dókítà ti wà, ó ní òun ń mú ìyá òun lọ. Màmá Àgbà kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù. Ẹgbẹ́ gbọ́ ní Ìkòyí, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ ṣe ìdágbére fún ẹni tó pẹ́ jù nínú àwọn.

A lọ. Gbọ̀ngàn náà tutù, ó mọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Patrísíà sọ̀rọ̀ dáadáa nípa rẹ̀. Wọ́n gbé igbá fínfín lé e lọ́wọ́, wọ́n kọrin. Màmá Àgbà jẹun. Ó jẹ ohun gbogbo tí wọ́n bù fún un, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Lẹ́yìn náà ló dìde, ọwọ́ tó kán wà nínú báńdéèjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ti se oúnjẹ fún ìdágbére púpọ̀, ó sì ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ mọ adùn rẹ̀.

"Ó dùn," ló wí. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n n kò lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú Àǹtí Ràlíátù, wọ́n gbé ife wọn sílẹ̀.

A wọ mọ́tò, a sì gun afárá. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti yíjú padà láti iwájú.

"Màámi, kí ló wà ní Ajégúnlẹ̀ tó jù mí lọ?"

"Kò sí ohun tó jù ọ́ lọ."

"Kí ló dé nígbà náà?"

Màmá Àgbà ń wo omi. "Ìyá mi dúró ní èbúté lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀. Ó ń juwọ́ títí n kò fi rí i mọ́. N kò padà rí i láyé. Mo ti jẹ́ ẹni tó lọ rí, Ràlíá. N kò lè jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì."

"Èmi náà ńkọ́? Ẹ ń fi èmi sílẹ̀ báyìí."

Màmá Àgbà tún yíjú sí omi. Àǹtí padà lọ lọ́jọ́ kejì, inú àpótí ìyá rẹ̀ tó ti dì ni ó ti ń yọ aṣọ tirẹ̀ ní pápákọ̀, torí ó ti pa ẹrù àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kó tó tún bá a sọ̀rọ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀, kì í gùn: ara ńkọ́, oògùn ńkọ́, ó dàárọ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá Àgbà lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ń kábàámọ̀. Ó ń bó èèpo ọsàn, kò dáwọ́ dúró. "Ojoojúmọ́ ni," ló wí. "Bí wọ́n bá sì tún ní kí n yàn, ohun kan náà ni n ó yàn. Àwọn méjèèjì lè gbé inú èèyàn kan."

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ló lọ, lórí àga, bí ẹni tó ń tòògbé. Wọ́n sin ín sí ibojì ìjọ Àgùdà, nítorí ibẹ̀ ló ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Áfáà Ajégúnlẹ̀ wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáda láìsọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ fi òdòdó ránṣẹ́. Àwọn ìyá wá, wọ́n pọn ọmọ tó ti dàgbà ju pípọ̀n lọ sẹ́yìn. Sàídì, tó ti di géńdé báyìí, fi igi rìn wá, ó ń tiro, ó ń làágùn. Àǹtí Ràlíátù ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó yá, ó lọ bá Ìyá Sàídì.

"Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Àwa ni, Ma."

Àǹtí mi orí. Ìyá Sàídì di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kó erùpẹ̀ bo ibojì tán.

Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ, ilé náà tóbi mọ́ mi lára. Ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ń ká aṣọ rẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ḿbà ilẹ̀ òkèèrè ni, mo rò pé Àǹtí ni. Ohùn arúgbó obìnrin kan ni mo gbọ́, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí kì í ṣe èdè rẹ̀. Ó ní Gírẹ́tà ni òun, ará Họ́láǹdì, pé ọkọ òun ti ṣiṣẹ́ ní Àpápá rí nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí òun náà sì wà nínú ẹgbẹ́. N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ó ní òun fẹ́ bá Hẹ́lénà sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un pé ó ti kú.

Mo rò pé ìlà ti já. Ìgbà yẹn ni tírélà kan fọn fèrè nísàlẹ̀, òmíràn sì dá a lóhùn.

"Kí nìyẹn?" ó béèrè.

"Tírélà ni, Ma. Ẹ má bínú, ariwo ibí pọ̀."

"Rárá," ló wí kíákíá. "Jọ̀ọ́, má tíì gbé e sílẹ̀. Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ mi jìnnà. Ibí dákẹ́ jù. Ṣé o lè gbé fóònù náà súnmọ́ ìta fún mi?"

Mo ṣí fèrèsé, mo na fóònù síta. Fèrè ọkọ̀ òkun ń dún lọ́nà jíjìn, ẹnìkan ń polówó omi tútù, àwọn kan ń bá ara wọn jà lórí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gba kọjá, wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́sálásí. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo fi ọwọ́ kejì gbà á.